Ọwọ́ Òsì Bọ̀ọ̀dá Mi

Mo mọ ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi ju bí mo ṣe mọ ojú ara mi nínú dígí lọ. Bí ẹ bá dì mí lójú, tí ẹ kó ọwọ́ ogún ọkùnrin síwájú mi, màá mú tirẹ̀ jáde. Àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èrúkọ́ nítorí àpò gàrí tó ń gbé. Ní ọwọ́ òsì, oríkèé ìka àárín wú sókè bí ẹ̀kùrọ́. Ibẹ̀ ni eegun ti ṣẹ́ rí, oríkèé yẹn sì ni ọ̀rọ̀ mi yìí dá lé.

Ọdún méjìlá ni bọ̀ọ̀dá mi fi jù mí lọ, mi ò sì jẹ́ sọ̀rọ̀ sí i láìfi ọ̀wọ̀ sí i. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo fẹ́ kọ ìtàn yìí, mo ní "wọ́n" ni màá máa kọ bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, má kọ 'wọ́n.' Àwọn tó bá kà á á rò pé a pọ̀ tá a jọ jẹ ẹ̀ṣẹ́ yẹn." Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ "ó." Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé.

Akànṣẹ́ ni. Àwọn tó wúwo jù lọ, tí wọ́n ń pè ní héfíwéètì, ló ń bá jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló máa ń kéré jù láàárín wọn. Kò sí lára àwọn tí wọ́n ń lẹ àwòrán wọn gàdàgbà mọ́ ògiri. Bí wọ́n bá lẹ tirẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni orí rẹ̀ máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ń dìde bọ̀, tí àwọn tó ń náwó lé e lórí fẹ́ kó gbọ́n sí i, wọ́n á pe bọ̀ọ̀dá mi kó wá bá a jà. Wọ́n mọ̀ pé kò ní tètè ṣubú, wọ́n sì mọ̀ pé kò ní fi bẹ́ẹ̀ borí. Wọ́n lè pè é ní Ọjọ́bọ̀ fún ìjà ọjọ́ Sátidé. Á gbé báàgì rẹ̀, á lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tàbí Èkó, á ja ráúǹdì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, wọ́n á gbé ọwọ́ ọmọ náà sókè. Bọ̀ọ̀dá mi á dì mọ́ ọn, á sọ ohun tó yẹ kó tún ṣe sí i létí, á sì padà sí Ìwó. Tó bá di ọjọ́ Ajé, á ti wà lọ́jà tó ń já àpò gàrí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ti Kuta àti Olúpọ̀nnà wá.

Àwọn alábàárù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó sinmi.

"Abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò, ṣé òjò rọ̀ ní Ìbàdàn?"

"Ó rọ̀ dáadáa."

"Ta ló wá pa?"

"Èmi ni. Ẹ ò rí i pé ara mi ti gbẹ?"

Á sì ki orí bọ abẹ́ àpò.

Nígbà tí mo ṣì kéré, yẹ̀yẹ́ yẹn máa ń dùn mí. Mo bi í lọ́jọ́ kan ìdí tí kò fi lọ wá àwọn tó lè tètè borí. Ó ní, "Ṣé o rántí wàláà tá a fi kọ́ kéwú lọ́dọ̀ Bàbá? Ọmọ á kọ ọ́, á kà á, á fọ̀ ọ́ nù, ọmọ mìíràn á tún gbé e. Ta ló ń bi wàláà bóyá òun náà yege? Síbẹ̀, kò sí àáfà kan nílùú yìí tí kò kọ́kọ́ kọ nǹkan sára rẹ̀. Wàláà wọn ni mí." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ iye ọmọ tó bí, kò sí ìbànújẹ́ kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá fi kún un pé, "Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé wàláà ò gbọdọ̀ fọ́. Èyí tó bá fọ́, ìyàwó àáfà á fi dáná."

Àáfà ni bàbá wa. Iwájú ilé wa ni ilé kéwú wà, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń ké láàárọ̀ títí oorun á fi bọ́ lójú gbogbo òpópónà. Nígbà tí Bàbá kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹ̀ṣẹ́ ni bọ̀ọ̀dá mi ń jà, wọ́n pè é jókòó. Wọ́n ní Ànábì kọ̀ fún wa láti máa gbá èèyàn lójú. Bọ̀ọ̀dá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ojú tèmi ni wọ́n ń gbá." Bàbá yíjú sí ògiri, ṣùgbọ́n mo rí èjìká wọn tó ń mì. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bi í léèrè ìjà mọ́. Bó bá ti ìrìn àjò dé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi í: "Ṣé o kírun lọ́nà?"

Ìyá wa ti kú kí n tó mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́ mi. Ó gbé kẹ́tù omi síwájú mi, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Sọ Bísímílà. Èyí ni ọ̀tún. Òun la kọ́kọ́ ń fọ̀." Bí mo bá na òsì, á rọra gbá a padà. Ọ̀tún la fi ń jẹun, ọ̀tún la kọ́kọ́ ń ki bọ ẹ̀wù, ẹsẹ̀ ọ̀tún la fi ń wọ mọ́ṣáláṣí. Mi ò tún ronú lé e lórí mọ́ láti ìgbà náà. Ó wọ inú ara mi bí èémí.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Orí mi ò kú, ẹnu mi ni kò là. Tíṣà á bi mí ní nǹkan tí mo mọ̀, gbogbo kíláàsì á yíjú sí mi, ọ̀rọ̀ á sì padà sí ọ̀fun mi. Nígbà tó yá, mo jókòó sílé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Bàbá ni mo ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń wé láwàní ní ọjọ́ Jímọ̀, tí mo sì ń gbìyànjú rẹ̀ lórí ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mo wé e, mo tú u, mo tún un wé, títí aṣọ náà fi ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Bí ọmọ wọn bá ń ṣe wólímà, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá wé e lórí. "Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀" ni wọ́n ń pè mí, inú mi sì dùn sí i, torí pé ẹni tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn kì í dúró de ìdáhùn rẹ̀. Aṣọ kì í béèrè ọ̀rọ̀. Bí ọwọ́ bá gbọ́n, aṣọ fúnra rẹ̀ á sọ fún un ìgbà tó tó.

Ìjà kan ní Abẹ́òkúta ló ṣẹ́ oríkèé yẹn. Ẹni tó di báńdéèjì fún bọ̀ọ̀dá mi lọ́jọ́ náà dì í bí ẹni di igi ìdáná, ó so ó ní kókó sórí oríkèé gan-an. Ráúǹdì kejì ni eegun ṣẹ́, ó sì ja mẹ́fà yòókù bẹ́ẹ̀. Oṣù púpọ̀ ló fi gbé ọwọ́ kọ́ ọrùn. Nígbà tó san, dókítà tẹ oríkèé náà títí, ó ní bó bá tún ṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìka yẹn ò ní ká mọ́. Ọwọ́ tí kò lè ká kò lè jà, kò sì lè di àpò mú. Òsì yẹn gan-an ni ọwọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń nà síwájú, tó fi ń lé àwọn òmìrán yẹn sẹ́yìn bí ẹni fi ọ̀pá lé màlúù. Bí òsì bá lọ, wàláà ti fọ́ nìyẹn.

Mo ní kó gbé báńdéèjì náà wá kí n rí i. Mo ní kó ya ìka rẹ̀ sílẹ̀, mo wé e bí mo ṣe ń wé láwàní: fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele lórí ìpele, láìsí kókó kankan, etí aṣọ á wọlé sábẹ́ ara rẹ̀. Mo ní kó di ẹ̀ṣẹ́. Báńdéèjì fúnra rẹ̀ fún mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó fi lu ògiri, ó tún lù ú, ó wá wò mí.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí n wé e kó tó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́. Kóòṣì rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń jà, tẹ ibi gbogbo wò.

"Ta ló di eléyìí?"

"Àbúrò mi obìnrin ni."

"Kó máa bá wa lọ."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń tẹ̀ lé wọn. Nínú yàrá ìmúra, àárín ọkùnrin nìkan ni mo máa ń wà, ojú mi kì í sì í kúrò lórí ọwọ́ bọ̀ọ̀dá mi. Kóòṣì rí i pé bí ẹnìkan bá bá mi sọ̀rọ̀, ìka mi máa ń dúró. Ló bá ń sọ fún gbogbo èèyàn pé odi ni mí. Wọ́n á ṣàánú mi, wọ́n á fi mí sílẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi jẹ́ odi ní Ìbàdàn.

Ìjà tí mo fẹ́ sọ yìí, Ìbàdàn náà ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó ni, ó fi orí kan ga ju bọ̀ọ̀dá mi lọ, kò sì tíì sẹ́ni tó borí rẹ̀. Nígbà tá a dé, ọ̀gá tó ń mójú tó ìjà wọ yàrá wa, ó gbé ọ̀rá kan lé mi lọ́wọ́. Báńdéèjì kan àti pílásítà kan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti fi nǹkan líle sínú báńdéèjì rẹ̀ níbìkan, nítorí náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo tirẹ̀ mọ́. Èyí tó wà nínú ọ̀rá ni fún ọwọ́ méjèèjì. Ó fa àga, ó jókòó, bírò lọ́wọ́. Bàbá arúgbó kan láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó náà jókòó tì í láti máa ṣọ́ mi. Kóòṣì ti lọ wá omi.

Mo sọ Bísímílà, mo na ọwọ́ mi, bọ̀ọ̀dá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Mi ò rò pé mo tíì wé ọwọ́ kankan dáadáa tó ọ̀tún yẹn rí, torí pé wọ́n ń wò mí, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo mọ iṣẹ́ mi. Ìpele lórí ìpele. Pílásítà bò ó mọ́lẹ̀ dan-in. Ọ̀gá náà tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí, ó fi bírò fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Mo yíjú sí òsì. Ìgbà náà ni mo tó rí ohun tó kù lọ́wọ́ mi. Báńdéèjì náà ti rù bí àbẹ́là tó kù díẹ̀ kó kú. Nílé, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ló ní báńdéèjì tirẹ̀, n kò pín ẹyọ kan fún ọwọ́ méjì rí. Mo wé ìpele méjì péré sórí oríkèé tó ṣẹ́ yẹn, aṣọ sì tán. Ọwọ́ tó yá gágá ti jẹun yó, èyí tó ń ṣàìsàn ló jẹ èérún. Bí ẹnìkan bá tiẹ̀ sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé òsì ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, ojú tí ì bá tì mí ni irú èyí tí yóò ti èèyàn bí wọ́n bá ní kó fi òsì jẹun níwájú àlejò.

Bọ̀ọ̀dá mi wo òsì náà, ó wò mí. Ó rọra sọ pé, "Ó tó."

Kò tó. Ó mọ̀, mo mọ̀. Kí ojú má bàa tì mí ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá náà ti ṣí bírò rẹ̀. "Ṣé ó ti parí? Kí n fọwọ́ sí i."

Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, "Kò tíì parí, sà." Èmi ni.

Bàbá arúgbó náà yíjú sí ọ̀gá. "Ṣé wọn ò sọ pé odi ni?"

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyẹn." Ọ̀gá náà wò mí. "Ohun tó kù nìyẹn, arábìnrin. Kò sí òmíràn."

"Mi ò béèrè òmíràn, sà. Mo fẹ́ tú ti ọ̀tún."

"Èyí tí mo ti fọwọ́ sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ máa tún un fọwọ́ sí. Ẹ jókòó, kí ẹ máa wò mí."

Mo mú sísọ́ọ̀sì. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó tú u jàre. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọwọ́ ọ̀tún òfìfo wá bá wa, ṣé àwa la máa kọ̀?" Ọ̀gá náà wo aago rẹ̀, ó ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo fi sísọ́ọ̀sì gé pílásítà ọ̀tún, mo tú báńdéèjì rẹ̀, mo ká a padà, mo sì gbé e fún òsì. Mo wé oríkèé yẹn bí ẹni ń wé orí ọmọ tuntun. Nígbà tó tó, aṣọ sọ fún mi pé ó tó. Èyí tó kù, mo fi yí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gbà á kọjá àtẹ́lẹwọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, kò sí nǹkan kan lára ọ̀tún yín. Ẹ má fi lu orí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, kó dúró síbẹ̀."

"Ráúǹdì mẹ́jọ?"

"Ráúǹdì mẹ́jọ."

Ó ní, "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ẹ, n kò tíì gbọ́ tó báyìí lẹ́nu rẹ."

Mi ò kì í wo ìjà. Yàrá ìmúra ni mo máa ń dúró sí, tí màá máa ka agogo. Lọ́jọ́ náà, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń wo ọwọ́ òsì nìkan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó kan imú ọmọ Èkó, ó kan iwájú orí rẹ̀, ó tún kan imú. Ọ̀tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bọ̀ọ̀dá mi bí ẹni tí eyín ń dùn. Ní ráúǹdì kẹta, àwọn èrò ti rí i.

"Bàbá, ọ̀tún yín dà?"

"Ó fi sílé."

"Irọ́ ni. Owó ọkọ̀ ló fi dì mú."

Gbogbo gbọ̀ngàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ Èkó ò rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó náà ń ké sí i láti igun rẹ̀ pé òfìfo ni, ṣùgbọ́n kò gbà á gbọ́, ó ń dúró de ọ̀tún yẹn. Bó bá fẹ́ wọlé, á rántí rẹ̀, á sì fà sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọmọ náà mọ iṣẹ́. Ní ráúǹdì karùn-ún, ó gbá bọ̀ọ̀dá mi létí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì lọ́ra bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń gba ẹrẹ̀ kọjá. Ó dì mọ́ ọmọ náà títí réfírì fi là wọ́n. Mo rí i tó ń sọ nǹkan sí i létí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ohun tóun sọ ni pé, "O ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n o gbàgbé láti gbé òsì rẹ padà."

Ráúǹdì keje ni ohun tí mo ń bẹ̀rù ṣẹlẹ̀. Ó rẹ ọmọ náà, ó gbàgbé òsì rẹ̀ lóòótọ́, àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Èmi tí n kò mọ ẹ̀ṣẹ́ rí i. Èrò gbogbo dìde. Bọ̀ọ̀dá mi kò tíì gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣubú rí láyé rẹ̀. Mo rí èjìká ọ̀tún rẹ̀ tó gbéra. Ó dúró. Èjìká náà sọ̀ kalẹ̀ padà, ọwọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, òsì sì tún jáde lọ kan imú.

Wọ́n gbé ọwọ́ ọmọ Èkó sókè. Nínú àwọn mẹ́ta tó ń ka máàkì, ẹnìkan fún bọ̀ọ̀dá mi.

Nínú yàrá, mo gé báńdéèjì òsì kúrò kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Mo tẹ oríkèé náà lókè, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Etí ló ń dùn mí."

"Ẹ ká ọwọ́ yín."

Ó ká a. Ìka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, àtàǹpàkò bò wọ́n. Mo ní kó ṣí i, kó tún un ká. Ó ká a lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n tó gbà.

Mo wá sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. "Ní ìkeje, mo rí àyè yẹn."

"Èmi náà rí i."

"Ó ń dùn mí pé ẹ ò nà án. Èmi ni mo ṣì í ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Bí n bá fi ọ̀tún tí kò wọṣọ lu eegun bẹ́ẹ̀, a ó ní méjì tó ṣẹ́ nílé. O ní kí n fi pamọ́, mo fi pamọ́." Ó na ara, ó kérora. "Kí la máa jẹ?"

Kóòṣì wọlé nígbà náà. Bàbá arúgbó ará Èkó ti dá a dúró lọ́nà, ó ti gba nọ́ńbà rẹ̀. Ọmọ méjì mìíràn ló ní tí òun fẹ́ kí bọ̀ọ̀dá mi bá jà.

Nígbà tá a délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Wọ́n ń ja tẹ̀sùbáà. Mo ní, "Bàbá, ṣé ó burú kéèyàn fi òsì bẹ̀rẹ̀ nǹkan?"

"Kí ni nǹkan náà?"

"Báńdéèjì ọwọ́ bọ̀ọ̀dá."

Wọ́n dá tẹ̀sùbáà dúró. "Èwo ló ń dùn ún nínú méjèèjì?"

"Òsì ni."

"Bí ọmọ méjì bá wà nílé, tí ara ọ̀kan ò yá, èwo ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé?" Wọn ò dúró de ìdáhùn mi, wọ́n mọ̀ mí. Wọ́n ja bíi mẹ́wàá sí i nínú tẹ̀sùbáà náà, wọ́n wá bi mí ní ohun tí wọn ò bi ẹnikẹ́ni rí. "Ṣé ó jà á tán?"

"Ó jà á tán, Bàbá. Orí ìdúró ló wà."

"Alhamdulilahi. Lọ gbé oúnjẹ fún un."

A ti lọ sí ọ̀pọ̀ ìjà láti ìgbà náà. Bí mo bá ti sọ Bísímílà, tí mo na ọwọ́ mi, òsì ni bọ̀ọ̀dá mi ń gbé lé e, kò sì sẹ́ni tó ń gbá a padà mọ́. Kò pẹ́ yìí ni ọ̀gá mìíràn gbé ọ̀rá lé mi lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta. Kóòṣì ti ń la ẹnu láti sọ fún un pé odi ni mí, bó ṣe mọ́ ọn lára. Mo ṣáájú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ fa àga yín sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀."